Bí ẹ ó bá wo Buster Keaton tó ń sọ̀rọ̀, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bóyá àwọn fíìmù àwàdà kéékèèké tí Keaton, òṣèré àwàdà ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nígbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn, ṣe lẹ́yìn tí fíìmù ti di olóhùn tó wò, wọ́n tó wò dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má wò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra. Mo ti wo gbogbo wọn tán, àwọn mìíràn lórí àwo tí àwòrán rẹ̀ ti ṣá, tí ohùn rẹ̀ sì ń hó bí epo àkàrà.

Ilé iṣẹ́ fíìmù Educational Pictures ṣe 16 nínú wọn láàárín 1934 sí 1937. Columbia, ilé iṣẹ́ fíìmù mìíràn, ṣe 10 láàárín 1939 sí 1941. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. MGM, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá tó ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ti lé Keaton ní 1933, ọtí ń bá a jà, ìyàwó rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń darí iṣẹ́ ara rẹ̀ láti 1920 wá di ẹni tí wọ́n ń fún ní ọjọ́ díẹ̀ àti owó táṣẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn tó ń sọ pé ohùn rẹ̀ ló bà á jẹ́ ń parọ́ ni! Ohùn rẹ̀ nípọn, ó há díẹ̀, ó sì bá ojú tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn mu rẹ́gí.

Grand Slam Opera (1936) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú kíkọ ọ́. Ọkùnrin kan lọ sí New York láti díje lórí ètò rédíò. Ẹ̀bùn wo ló wá fi hàn? Jíju nǹkan sókè, kí ó sì máa hán an. Lórí rédíò o, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i! Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára, tí ayé wá ń fi etí wá a. Ẹ tún máa wo ijó tó ń jó nínú yàrá rẹ̀, tí ọmọbìnrin tó wà nísàlẹ̀ kò fi lè sinmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo One Run Elmer (1935), ti ilé epo méjì tó dojú kọra nínú aṣálẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ rárá. Palooka from Paducah (1935) kò fi bẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ bàbá Keaton, ìyá rẹ̀ àti Louise àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nínú ti Columbia, Pest from the West (1939) nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Jules White ló darí púpọ̀ nínú ìyókù, ariwo àti ìgbátí ló sì fẹ́ràn. Ẹ má sì ra àwo olówó pọ́ọ́kú tó kó gbogbo wọn pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ohùn inú àwo náà ṣe rí.