Ṣé kí ìjọ wa ra ọkọ̀ òfurufú fún àwọn míṣọ́nnárì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ míṣọ́n ní ìjọ kan ní Bódìjà níbí. Ìdílé míṣọ́nnárì méjì la rán lọ sí gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Bí òjò bá ti dé, ọ̀nà wọn a dí pátápátá. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú wọn ṣàìsàn, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìjọ wá dá owó, ó ti pé ₦38 mílíọ̀nù. Ẹnìkan ní ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, Cessna 206 àlòkù, wà ní títà, pé ká tètè san àsansílẹ̀. Ṣé ká rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà, ẹ sì kú ewu ọmọ náà.

Ohun tí ìjọ yín rò kì í ṣe àṣejù rárá. Ó yẹ kó tètè yé àwa ará Ìbàdàn ju ẹlòmíràn lọ. Ọdún 1853 ni míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìlú yìí, ní Kúdẹtì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí mọ́ wọn. Owó tán, oúnjẹ ò tó, ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn tó jẹun. Ara Anna ò sì yá. Ó di 1865 kí gómìnà Èkó tó rán àwọn kan gba ọ̀nà inú igbó wá, tí wọ́n fi gbé e lọ sí Èkó. Ọdún márùn-ún gbáko.

Síbẹ̀, ẹ má ra Cessna yẹn.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ ìwé owó àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ míṣọ́n wò. Àṣìṣe tí mò ń bá pàdé jù ni pé owó tí wọ́n máa fi ra nǹkan ni wọ́n ń dá jọ, wọn kì í dá owó tí nǹkan náà máa jẹ. Micra tó ń ná Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ lè fi ẹ́ńjìnnì tó ti gbó sáré títí yóò fi kú sójú títì, kí wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú òfurufú ò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Ti Cessna 206, nǹkan bíi wákàtí 1,700 sí 2,000 ni, ó wà lọ́wọ́ irú ẹ́ńjìnnì tó bá jẹ́. Tó bá ti pé, wọn á tú u palẹ̀, wọn á sì tún un tò. Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ: bí àtúntò náà bá jẹ́ dọ́là 51,000, tí wákàtí rẹ̀ sì jẹ́ 1,700, a jẹ́ pé ní gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ bá fò, dọ́là 30 gbọ́dọ̀ wọ inú àpò kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. A ò sì tíì ra epo o.

Epo gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pẹtiróòlù àkànṣe tí wọ́n ń pè ní avgas ni 206 ń mu, nǹkan bíi lítà 55 sí 60 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ni kò ti sí. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń rọ ọ́ sí kó wá láti ọ̀nà jíjìn, owó rẹ̀ a sì ga fíofío. Jet A-1 tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń lò, tó jẹ́ ìbátan kẹrosíìnì, rọrùn láti rí jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́n fi ń yà sọ́dọ̀ Cessna Caravan àti Kodiak, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń mu Jet A-1. Irú iṣẹ́ míṣọ́n yìí gan-an ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe Kodiak, tó gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2007: nǹkan bíi mítà 300 ilẹ̀ ti tó o láti gbéra. Àmọ́ tuntun rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 2 dọ́là.

Ìnṣọ́ránsì ń bẹ níbẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún ń bẹ níbẹ̀, hángà (ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfurufú sí) àti owó oṣù ẹnjiníà náà. Iṣẹ́ Olúwa ni lóòótọ́, jàǹbá ò sì yọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1945 ni wọ́n dá Mission Aviation Fellowship, MAF, ẹgbẹ́ tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ran àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan, Betty Greene, ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ fún wọn, ó gbé ọkọ̀ òfurufú Waco lọ sí Mẹ́síkò ní 1946. Láìpẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn bàjẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ mìíràn níbi tó ti ń balẹ̀, Nate Saint ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá tún un ṣe. Àwọn MAF ti Bìrìtìkó náà gbé ọkọ̀ òfurufú Miles Gemini wá sí Áfíríkà ní 1948, ó já sórí òkè ní Bùrúńdì. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ yè, ọkọ̀ ò yè. Wọ́n dìde padà nítorí pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún nìyẹn. Ìjọ tó ní ọkọ̀ kan péré, bí ọkọ̀ yẹn bá dúró, ó parí. Mo yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò tí ọkọ̀ wọn wà ní hángà fún oṣù mọ́kànlá nítorí ohun èlò kan ṣoṣo. Owó hángà ń lọ, ìnṣọ́ránsì ń lọ, ẹsẹ̀ sì ni àwọn míṣọ́nnárì wọn fi ń rìn. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Ti òfin ò gùn. Bí ìjọ bá forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún ìlò ara rẹ̀, PNCF, ìwé àṣẹ fún fífò tí kì í ṣe ti òwò, tí NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, ń fúnni, kò gbà kí ẹ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò kankan. AOC, ìwé àṣẹ àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ṣòwò, ló gbà bẹ́ẹ̀, agbára ìjọ kan ò sì lè gbé e. Ṣáàdì náà ní òfin tirẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá fi owó ṣe? Ẹ ra wákàtí fífò lọ́wọ́ àwọn tó ti ní ọkọ̀. Nínú ẹgbẹ́ bíi MAF, awakọ̀ sábà máa ń wá àwọn tó máa bọ́ ọ fúnra rẹ̀, ọrẹ ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀, owó tí míṣọ́nnárì ń san kì í sì í tó iye tí ìrìnàjò náà jẹ gan-an. Àlàfo yẹn ni owó yín lè dí. MAF ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáàdì tipẹ́; ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wákàtí kan jẹ́ àti pápá ọkọ̀ òfurufú tó sún mọ́ àwọn èèyàn yín jù. Bí kò bá sí pápá nítòsí, ẹ béèrè ohun tó máa ná wọn láti ṣán ọ̀kan kí wọ́n sì tẹ́ ẹ, nítorí ìyẹn lè má kọjá agbára yín. Kí ẹ wá pín owó sí àpò méjì, ọ̀kan fún ìrìnàjò ojoojúmọ́, èkejì fún pàjáwìrì. Ti pàjáwìrì yìí ni mo ń bẹ̀ yín lé lórí jù: ẹ fún ẹni méjì láṣẹ láti sanwó láàárín wákàtí kan láìpe ìpàdé. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ò lè dúró de ọjọ́ Sátidé.

Nǹkan méjì kù. Ọkọ̀ òfurufú lẹ fi gba owó lọ́wọ́ ìjọ, nítorí náà ẹ padà síwájú wọn, ẹ ṣàlàyé, kí wọ́n fọwọ́ sí ìyípadà náà kó sì wọ ìwé, kí náírà kan tó kúrò ńbẹ̀. Ẹ sì fi èyí tó pọ̀ jù sínú àkáǹtì dọ́là. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kò ju nǹkan bíi ₦460 lọ ní bánkì. Nígbà tí oṣù kejì 2024 máa fi parí, ó ti kọjá ₦1,500. Owó tó lè ra wákàtí mẹ́ta kò wá tó wákàtí kan mọ́.

Ẹni tó ń ta Cessna náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má san àsansílẹ̀ kankan.