Ìbọn mi ń gba òkè, ó tún ń gba ìsàlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo ti ṣètò awò tí mo fi ń fojú sùn lórí ìbọn mi sí mítà 100, ọta mẹ́ta sì bọ́ sójú kan náà. Nígbà tí mo gbé e dé orí òkè gíga, tí mo yìn ín sí pátákó ní mítà 400, òkè ibi tí mo fojú sùn ló ń bà. Lọ́jọ́ tí òtútù mú gan-an, ìsàlẹ̀ ló ń bà. Ṣé kí n máa tún awò náà ṣe nígbà gbogbo ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan awò yẹn. Kò ṣẹ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tí ọta ń là kọjá ló yí padà, àti ẹ̀tù inú katiríìjì rẹ.

Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́. Bí o bá fi 2,000 mítà ga ju òkun lọ, ó ti fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti etí òkun. Ọta kò rí ohun tó máa dá a dúró tó bẹ́ẹ̀, ó tètè dé, ilẹ̀ ò sì ráyè fà á wálẹ̀ tó bó ṣe máa ń fà á. Ìdí nìyẹn tó fi ń ba òkè ibi tí o fojú sùn.

Ti òtútù, ọ̀nà méjì ló ń gbà jà. Afẹ́fẹ́ tútù ki, ìyẹn kan. Èkejì ló máa ń dùn mí jù: ẹ̀tù tó tutù máa ń jó lọ́ra, ọta á sì jáde láìyára tó. Ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé páálí katiríìjì sórí òkúta nínú oòrùn ọ̀sán, tí mo sì fi wọ́n ṣètò awò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìrì ti dì sórí koríko, ọta mi bọ́ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta ní mítà 300. Láti ìgbà náà, abẹ́ ìbòji ni páálí mi ń wà, n kì í sì í fi katiríìjì sílẹ̀ pẹ́ nínú ìbọn tó ti gbóná.

Bí o bá dé ibi tuntun, mítà 100 ni kí o kọ́kọ́ yìn sí. Bí afẹ́fẹ́ ṣe fúyẹ́ tàbí bó ṣe ki kò lè yí ohun tó hàn sójú padà níbẹ̀. Tí ọta bá kúrò lójú ẹ̀ ní mítà 100, wo àwọn ìdè tó mú awò mọ́ ìbọn bóyá wọ́n ti tú, kí o sì wo igi ìdí ìbọn bóyá ó ti wú. Tí kò bá kúrò, lọ sí 200, 300, 400, kí o sì kọ ohun tí o rí sínú ìwé: bí ilẹ̀ ṣe ga tó, bí ó ṣe tutù tó, iye ìgbà tí o yí awò.

Lórí ọ̀pọ̀ awò, bí kókó tí a fi ń yí i bá dún “kẹ́” lẹ́ẹ̀kan, ó ti sún ọta ní nǹkan bíi mìlímítà 7 ní mítà 100, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 3 ní mítà 400. Bí o bá ń ba òkè ní sẹ̀ǹtímítà 6, yí i sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọfà tó wà lára rẹ̀ ń tọ́ka síbi tí ọta máa lọ. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀, dá a padà sí nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Bí o bá ń fi fóònù ṣírò ibi tí ọta máa bà, ìwọ̀n títẹ̀ afẹ́fẹ́ ibi tí o dúró sí gan-an ni kí o fún un. Èyí tí àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ń kà, wọ́n ti tún un ṣe bí ẹni pé etí òkun ni gbogbo wa wà.

Ohun kan wà tí o kò sọ fún mi: ṣé ibi tó dagun ni o ti yìn? Ìbọn tí a nà sókè tàbí sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń ba òkè ibi tí a fojú sùn, ì báà ṣe ìsàlẹ̀ ni a nà á sí. Tí ó bá dagun ní díígírì 30, mítà 346 ni kí o ka 400 yẹn sí. Ìyẹn lè ju ohun tí afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ orí òkè ń ṣe lọ. Kọ̀wé padà sí mi, kí o sọ bó ṣe dagun tó.