Fírídọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kejì

Àbúrò mi, o bi wá pé kí la tiẹ̀ ń fi òmìnira ṣe, pé bí a bá ti rí oúnjẹ jẹ, tí iná wà, tí ọ̀nà dáa, ẹni tó bá wù ú kó máa pàṣẹ lé wa lórí. Mi ò bínú sí ọ. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí ebi ń pa mí. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sin ọ̀gá mi, mo tún lo oṣù mẹ́fà lé e torí mi ò tètè rí owó fírídọ́ọ̀mù. O mọ bó ṣe máa ń rí: ìrẹsì nínú kúlà, àwọn ẹgbẹ́ aránṣọ nínú ankara kan náà, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, á wúre fún un. Ọdún 2016 ni mo ṣe tèmi. Bí mo ṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní ó parí. Kò tún sẹ́ni tó máa rán mi lọ pọnmi mọ́.

Lóṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, mo yá gbòmú-lé-láńtà, owó tí àwa obìnrin máa ń kóra jọ yá, tí a ó sì máa ṣe onídùúró fún ara wa. ₦150,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n yọ ₦15,000 lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ìfowópamọ́ ni. Mo sì ní láti máa san ₦7,500 ní gbogbo Ọjọ́rú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ìwọ náà ṣírò ó, ₦180,000 nìyẹn, lórí ₦135,000 tó dé ọwọ́ mi. Mo fi ra máṣíìnì oníná. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ gbé gbogbo èrè mì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mo ti yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́, mo sì yá ẹ̀kẹta láti fi bo ìyẹn náà.

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́rú, a ti gbọ́dọ̀ wà nílé olórí ẹgbẹ́, àwa méjìdínlógún lórí bẹ́ǹṣì. Bí owó ẹnì kan ò bá pé, kò sẹ́ni tó máa dìde. Lọ́jọ́ kan, abiyamọ kan jókòó sápá ọ̀tún mi, wàrà ti rin bùbá rẹ̀ láyà, ọmọ rẹ̀ wà nílé lọ́dọ̀ ará ilé, kò sì lè lọ fún un lọ́mú torí pé ₦2,000 kù lọ́wọ́ ẹnì kan. Èmi ni ẹni náà. Kò bú mi. Ó kàn ń fi etí gèlè nu àyà rẹ̀, ó tún ń nu ún. Títí di òní, mi ò lè sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ìyá màmá mi ló bá mi pe nǹkan náà lórúkọ. Mo lọ kí wọn ní Òjé, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò wá síbi ìsìnkú àbúrò wọn. Mo ní Ọjọ́rú ló bọ́ sí, mà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ̀fà ni ọ́, ọmọ mi." Láyé ìgbà kan, ẹni tó fẹ́ sìnkú tàbí tó fẹ́ gbéyàwó tí kò lówó lọ́wọ́ á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe lóko olówó, èlé ni. Ojú owó ò ní dín. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú: ó nílé, ó lórúkọ, ó lè láya. Òwúrọ̀ rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀. Èmi náà nìyẹn, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù, tí orúkọ mi wà lára pátákó. Ọjọ́rú mi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Ọjọ́rú sì ti jẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́ ọn, torí ìgbà yẹn ni mò ń sáré wá owó kiri.

Ní ti oúnjẹ tí o mẹ́nu bà, bí mo bá wọkọ̀ gba Chállẹ́ǹjì, mo máa ń wo ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n pa ní 1874. Oníṣòwò ńlá ni, akíkanjú ni, ó sì ní ẹrú lóko lọ bíi rẹ́rẹ. Ìlú ń rántí rẹ̀. Àwọn ẹrú yẹn náà jẹun lóko rẹ̀, àbúrò mi. Dárúkọ ẹyọ kan fún mi nínú wọn.

Lóṣù kẹta 2019, ìbò gómìnà kù díẹ̀, ọkùnrin kan ládùúgbò tó mọ̀ pé mo wà nínú gbèsè yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Dìbò kí o sebẹ̀: ó fẹ́ fi ₦5,000 ra ìbò mi. Nígbà tí mo tẹ̀ka tán lọ́jọ́ ìbò, mo rọra yí ìwé ìbò náà sápá ibi tó dúró sí kó lè rí i. Ó mi orí. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni mo kó owó náà fún àwọn gbòmú. Òfin sọ pé ìkọ̀kọ̀ ni kí n ti dìbò, kò sẹ́ni tó na pàṣán sí mi, síbẹ̀ ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé rárá.

Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà. Lọ́dún 1968, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn yarí lórí owó orí, wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn máa san, ọgbọ̀n ṣílè nìyẹn. Ẹ̀mí ṣòfò, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba dín owó orí kù. Nígbà tí mo ń ro ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn èèyàn yẹn ní oko tí wọ́n lè padà sí, wọ́n sì pọ̀. Ohun tí èmi ò ní gan-an nìyẹn.

Mo ta máṣíìnì oníná ní ₦80,000, mo padà sórí èyí tí à ń fẹsẹ̀ wà. Àwa mẹ́sàn-án tá a mọwọ́ ara wa dá àjọ, wọ́n sì fún mi láyè kí n kọ́kọ́ kó. Àjọ ò lélé. Lóṣù kẹwàá 2019, mo san gbèsè tán, àwọn gbòmú fi báírò pupa fa ìlà kọjá lórí káàdì gbèsè mi.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo ti wẹ̀, mo ti wọ bàtà, kí n tó rántí pé kò síbi tí mò ń lọ. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Nígbà tó dá, mo lọ sí Òjé, èmi àti màmá àgbà jọ mu ẹ̀kọ, mi ò sì wo aago.

Nígbà ìbò gómìnà 2023, ọkùnrin yẹn tún dúró síbi tó dúró sí nígbà yẹn, ó na ọrùn. Mo ká ìwé ìbò mi, mo sọ ọ́ sínú àpótí, mo sì kọrí sílé lọ se ọbẹ̀ mi.