Ohun tí Berthe Morisot rí gbà lọ́wọ́ Boucher àti Fragonard

Ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìran Fragonard, ayàwòrán Faransé ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni Berthe Morisot, obìnrin ayàwòrán Faransé, àti bóyá ìyẹn ló fà á tí àwọn àwòrán rẹ̀ fi fúyẹ́ tí wọ́n sì ń tàn bí ti àwọn ará Faransé àtijọ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nínú ẹbí rẹ̀ ni, àwọn lámèyítọ́ sì gbé e pọ̀n, nítorí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti sọ pé ohun tí obìnrin fi iṣẹ́ kíkan kọ́, ara ìran rẹ̀ ló ti bá a wá. N kò ní gbé ìdáhùn mi lé e. Ayàwòrán ni èmi náà, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó níwájú iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti ṣe àdàkọ wọn. Ohun tí ọwọ́ mi fi yé mi ni pé ńṣe ni Morisot lọ wá ìmọ̀ yìí, kò jogún rẹ̀.

Ọdún 1841 ni wọ́n bí i ní Bourges. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Parisi, École des Beaux-Arts, kò gba obìnrin wọlé títí di 1897, nígbà tí Morisot ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Louvre, ilé ńlá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí ní Parisi, ni ó wá di ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀: láti 1858 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí wọ́n gbà láyè láti máa ṣe àdàkọ níbẹ̀, Joseph Guichard sì ni olùkọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àtijọ́, Veronese àti Rubens, ló ń dà kọ nígbà náà, kì í ṣe ti Boucher, ayàwòrán ìgbà Fragonard. Lẹ́yìn Ìyípadà-Ìjọba ọdún 1789, àwọn ará Faransé ti kẹ́gàn iṣẹ́ ìgbà Boucher gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré ààfin. Ìgbà èwe Morisot ni iyì iṣẹ́ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nígbà tí dókítà Louis La Caze fi àwọn àwòrán tó kó jọ sílẹ̀ fún Louvre ní 1869, Pierrot tí Watteau yà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àwòrán ènìyàn tí Fragonard yà láìfi ipasẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì pamọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù lọ nìyí. Ní nǹkan bí 1884, tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí òun àti àwọn Impressionist ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ayàwòrán tó ń lépa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lójú, sì ti ń ṣe àfihàn láti 1874, Morisot padà sídìí àdàkọ. Ó mú apá kan nínú àwòrán Venus àti Vulcan tí Boucher yà, ó sì fi àdàkọ náà ṣe iyàrá àlejò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 1892, ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú, ó tún ṣe irú rẹ̀ láti ara Apollo àti Issé, iṣẹ́ Boucher tó wà ní Tours. Àwọn omidan méjì tó fara kọ́ra ní ìsàlẹ̀ nìkan ló mú. Kò wá bí awọ ara ṣe ń dán bí Boucher ti ṣe é. Bí àwọ̀ osùn, búlúù tó jọ eérú àti funfun ṣe ń wọnú ara wọn ló ń wá.

Mo mọ bí ìyẹn ṣe le tó. Ní Wallace Collection níhìn-ín, ọ̀fẹ́ ni ẹ ó fi wo àwòrán obìnrin orí jangirọ́fà tí Fragonard yà ní nǹkan bí 1767. Aṣọ obìnrin náà ń tàn nítorí pé igbó tó yí i ká ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ wo Summer's Day tí Morisot yà ní nǹkan bí 1879, nígbà tó bá wà ní National Gallery, torí pé Lọ́ńdọ̀nù àti Dublin jọ ń pín in lò ni. Ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì fífò ti Fragonard yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí mọ́: ìmọ́lẹ̀ ló gbé ka orí ìmọ́lẹ̀, omi, aṣọ àti pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá dán an wò yóò rí i pé ọ̀dà tútù máa ń yára dàrú di ẹrẹ̀. Àfi kí ènìyàn nu búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe bọ́ sí. (Fífi í sílẹ̀ yìí ló gbà mí ní sùúrù jù.)

Ohun kan wà tí kò gbà lọ́wọ́ wọn. Nínú àwòrán jangirọ́fà yẹn, ọkùnrin kan sùn sínú igbó, ó ń yọjú wo abẹ́ aṣọ obìnrin náà. Obìnrin tó ń tọ́jú ara níwájú dígí jẹ́ kókó àtijọ́ tí Boucher náà yà. Morisot gbà á, ṣùgbọ́n nínú èyí tó wà ní Chicago, obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa, dígí kò sì fi ojú rẹ̀ hàn wá. Ìsàlẹ̀ dígí náà ni ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ má fi Édouard Manet, ayàwòrán tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ṣe orísun ohun gbogbo, ẹ má sì gbára lé àwọn tó fi í wé Fragonard kí wọ́n lè pè é ní aláfẹ́. Dulwich Picture Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù àti Musée Marmottan ní Parisi ṣe àfihàn lórí kókó yìí gan-an ní 2023. Àdàkọ ti 1892 wà ní Marmottan. Ẹ gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Boucher, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo èjìká àwọn omidan méjèèjì.