Lẹ́tíùsì inú yàrá: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ: iná LED wo ni kí o rà fún lẹ́tíùsì tí o fẹ́ gbìn sínú omi nínú yàrá tó ṣófo, tí kọ̀ǹpútà kékeré á máa bá ọ tọ́jú. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ó ṣì ń dùn mí.

N'Íbàdàn níbí ni. Mo ra páìpù tí omi ń ṣàn gba inú ẹ̀, pọ́ǹpù, ESP32 (kọ̀ǹpútà kékeré yẹn nìyẹn), sensor pH tó ń wọn bí omi ṣe kan tó (bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), àti pọ́ǹpù kékeré tí á máa kán àsíìdì sómi fúnra ẹ̀. Ọ̀gá tó gbowó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wa ní ká lọ sùn, ẹ̀rọ á máa ṣọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà nílé ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Mo lọ síbi òkú l'Óṣogbo. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mú iná lọ, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dá a padà. Omi inú páìpù ti ṣàn padà sínú dùrọ́ọ̀mù tán, inú páìpù yẹn ni mo sì fi sensor sí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Sensor pH kì í fẹ́ gbígbẹ. Tèmi ti gbẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ti ọjọ́ yẹn ló wá pa á. Nígbà tí iná dé, ó dúró sórí 7, kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí lẹ́tíùsì ń fẹ́ ni 5.5 sí 6.5, ni ẹ̀rọ bá kán àsíìdì kó lè fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó tún wò ó, ó ṣì rí 7, ó tún kán an. Bẹ́ẹ̀ ló ń kán an títí ìgò fi gbẹ. Aago ẹ̀ pàápàá ti dàrú: orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wò ó, router ò sì tíì jí, ló bá gbà pé òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, níbi tí aago kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, la wà, ó sì paná.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, ewé ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Mo fa ọ̀kan yọ, gbòǹgbò tó máa ń funfun ti pọ́n bí òwú tó bọ́ sínú tíì. Mo fi ẹ̀rọ ọwọ́ wọn omi: 3. Ẹsẹ̀ lẹ́tíùsì 160, gbogbo ẹ̀ lọ. Mo pe ọ̀gá. Ó ní ìrírí nìyẹn, kí n wá san owó ìpele kejì.

Torí náà, fọwọ́ kán àsíìdì rẹ. Tí o bá kọ̀ jálẹ̀, kọ ọ́ sínú kóòdù pé tó bá kán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí nǹkan ò yí padà, kó dákẹ́. Ra DS3231, aago tó ní bátìrì tiẹ̀. Inú dùrọ́ọ̀mù ni kí sensor máa gbé. Fi páìpù sílẹ̀ ná. Ike ńlá tí gbòǹgbò á máa rì sínú omi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, tí iná bá lọ, wọn ò ní tètè kú. Pípo oúnjẹ ewéko mómi ò le, ka bí wọ́n ṣe ń pò ó lára ike tí wọ́n fi tà á fún ọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sábẹ́ iná. Oòrùn ló fẹ́, àwọn ìyá Bódìjà ò sì ní bá ọ ṣírò owó iná mọ́ iye tí wọ́n ń tà á.

Háà, iná LED. Funfun ni kí o rà. Èyí tó dà bí àwọ̀ àlùkò yẹn, o ò ní mọ̀ tí ewé bá ń pọ́n. Wákàtí 14 sí 16 lóòjọ́. Wáàtì ńkọ́? Kọ́kọ́ sọ bí inverter rẹ ṣe lágbára tó.