Ẹ̀wà inú kúlà tó di èébì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Táńkẹ̀ ni mò ń gbé, ní Ìlọrin. Nígbà tí gáàsì wọ́n, mo dá ọgbọ́n kan. Mo rẹ ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín, mo da omi gbígbóná lé e nínú kúlà, mo dé e pinpin di àárọ̀. Ó rọ̀ díẹ̀, a jẹ ẹ́. Kò pé wákàtí 3 tí èmi àtàwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ṣé oògùn kòkòrò ni wọ́n fín sí i?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ó tọ́ kéèyàn bẹ̀rù oògùn kòkòrò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ẹ ṣe sè é yìí, ẹ̀wà gan-an ni mo fura sí.

Purotéènì kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní lẹ́kítìn, ṣúgà ló máa ń wá gbá mú. Kì í ṣe ṣúgà inú tíì o. Lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì wa, ẹ̀wọ̀n ṣúgà tín-ín-tìn-ìn-tín ló yọ síta bí irun lára ewúrẹ́. Lẹ́kítìn ẹ̀wà yìí pín sí ẹ̀yà 4: bí ọ̀kan bá di sẹ́ẹ̀lì kan mú, òmíràn á di aládùúgbò rẹ̀ mú. Ẹ dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò, kíá ni ẹ̀jẹ̀ á ṣù bí àmàlà oníkókó. Irú rẹ̀ ni oníwádìí kan, Stillmark, rí ní 1888 pẹ̀lú èso làrà (tiyẹn tilẹ̀ burú jù, ó ń wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ pa á).

Omi inú ikùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí lẹ́kítìn yìí dà. Odidi ló ń dé ìfun, á lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, á ba àwọn irun wẹ́wẹ́ tó ń fa oúnjẹ mu jẹ́. Èébì dé nìyẹn, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e.

Kúlà yín wá ńkọ́? Bí lẹ́kítìn ṣe ká jọ ló fi ń rí nǹkan dì mú. Omi tó ń hó ló ń tú u ká. Omi inú kúlà kì í hó, ṣe ló ń tutù lọ. Ẹ̀wà tí a sè ní ìwọ̀n ooru 80 péré lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì tilẹ̀ lè ní májèlé ju tútù lọ.

Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi mìíràn sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́kítìn inú ẹ̀wà olóyin tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀wà náà ní àìjinná. Bí ọmọ kankan bá ṣì ń bì tí omi kò dúró sí i nínú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má sọ kúlà nù: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 yẹn, ẹ lè dà á sínú rẹ̀ kó máa rọ̀ lọ.