Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Ẹgbẹ́ Adóòlà Ajá Ni, àbí Ẹni Tí Ń Sin Ajá Tà?

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olè ti fo ọgbà wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 7 sì ti ń bẹ̀ wá tipẹ́ pé kí a wá ajá fún òun. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kan ní ìlú ńlá, irú àwọn tí wọ́n ń kó ajá tí a pa tì lójú títì, tí wọ́n ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń wá ilé fún wọn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ gùn ju èyí tí mo kọ nígbà tí mo ń wáṣẹ́ lọ. Wọ́n béèrè fọ́tò ọgbà, wọ́n béèrè lẹ́tà onílé, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò wà nílé lọ́sàn-án. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n tó fèsì pé àwọn kò lè fún wa ní ọmọ ajá, nítorí pé èmi àti ọkọ mi máa ń jáde ní aago 7 àárọ̀ títí di aago 3. Àfi bí a bá lè gba abo ajá ìbílẹ̀ kan tí ó ti pé ọdún 3. Inú bí mi. Mo lọ bá ọkùnrin kan tí ń sin ajá tà nínú ìlú, kò sì bi mí léèrè ohunkóhun ju iye tí mo mú wá lọ. Ó ta ọmọ ajá Alsatian kan fún mi, ó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ 8, ó sì ti gba abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ó kú mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní òun kì í gba ọjà tí òun bá ti tà padà. Ọkọ mi fẹ́ lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ni kí a gbà?

Ìyá Ọlọ́mọ, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá wa rẹ ọmọ náà lẹ́kún, nítorí pé ọmọdé tí ajá kú mọ́ lọ́wọ́ kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ajá lásán ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó kánjú jù lọ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ ọkọ yín kí wọ́n má ra ọmọ ajá kankan wọ inú ọgbà yẹn lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ajá sísìn jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Dókítà ẹran nìkan ni ó lè fi àyẹ̀wò sọ ohun tí ó pa ọmọ ajá yín, ṣùgbọ́n bí ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé bá ń bì, tí ó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àrùn parvo ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó mọ̀ nípa ajá. Ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ dá àrùn yìí mọ̀ lára ajá, kò sì ju nǹkan bí ọdún 2 lọ tí ó fi ràn ká ayé. Ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7 ni ó sábà máa ń fi fara pamọ́ sínú ara kí ó tó hàn síta. Bí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní ọjọ́ karùn-ún, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó ti gbé àìsàn náà wá láti ibi tí ẹ ti rà á, nítorí náà, ẹ má da ara yín lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà kò bá ọmọ ajá yín kú. Inú ìgbẹ́ ni ó ń gbà jáde, ó sì lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí oòrùn kì í dé. Ọṣẹ kò ràn án. Ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ẹ po Jik tàbí Hypo ife 1 mọ́ omi ife 20, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Ẹ sun àkísà tí ó sùn lé, kí ẹ sì sọ abọ́ tí ó fi jẹun nù. Erùpẹ̀ lásán ni kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́. Ọmọ ajá tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀ báyìí, ẹ̀mí rẹ̀ ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ajá tí ó lè wọ inú ọgbà yín láìsí ewu parvo lónìí ni àgbà ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé. Abo ajá ọlọ́dún 3 tí ẹgbẹ́ yẹn fi lọ̀ yín, èyí tí inú fi bí yín, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ padà lọ béèrè bóyá ó ṣì wà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣòro láti gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí àwọn ẹgbẹ́ adóòlà wọ̀nyí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni inú mi ń dùn sí wọn. Mo ti jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, mo sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà nígbà tí ó kan ibi tí wọ́n ti béèrè iye tí ó ń gbà lóṣù. Ẹni tí ó wá tọrọ ajá kì í ṣe ọ̀daràn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti pinnu pé àwọn kì í fi ọmọ ajá sí ilé tí kò ní ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án, orí ìlà àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù ni ó yẹ kí ìyẹn wà, kí olùkọ́ tí iṣẹ́ ti mú rẹ̀ má baà fi alẹ́ méjì kọ ọ́, kí wọ́n sì tún fi ọ̀sẹ̀ 3 dákẹ́ sí i. Ìdákẹ́ yẹn ni ó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn rere lọ sọ́dọ̀ atàjá tí kò ní bi wọ́n ní nǹkan kan.

Síbẹ̀, ìbéèrè wọn nídìí. Ìlú ńlá bí Èkó àti Abuja ni púpọ̀ nínú wọn wà, owó àpò ara wọn àti ọrẹ àwọn èèyàn ni wọ́n sì fi ń ra oúnjẹ àti oògùn. Ajá tí wọ́n bá fà lé èèyàn lọ́wọ́ láìwádìí lè bá ara rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀, tàbí nídìí Ògún, tàbí lórí ṣéènì kúkúrú nínú oòrùn láti oṣù dé oṣù. Lẹ́tà onílé tí wọ́n béèrè kò ṣàjèjì: gbogbo wa la mọ ayálégbé tí ó ti ju ajá síta nítorí pé onílé ní òun kò fẹ́ ariwo. Ní ti ọ̀sán, ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 ń jẹun tó ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Láti aago 7 sí aago 3, ta ni yóò fún un? Àgbà ajá a jẹ láàárọ̀, a jẹ lálẹ́, a sì sun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ olè tí ẹ sọ náà tún ń bẹ níbẹ̀: ọmọ ajá oṣù 2 kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró, oorun ni yóò máa sùn nígbà tí olè bá ń fo ògiri.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ajá tí ojú rẹ̀ ti rí màbo kì í tètè fọkàn tán èèyàn. Èyí tí mo gbà sílé lọ́jọ́sí wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi fún ọjọ́ 4 gbáko. Òru nìkan ni ó ń jáde wá jẹun, bí mo bá sì yọjú, yóò fi abọ́ sílẹ̀ sá. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà náà ni mo rí i tí nǹkan tútù kan kàn mí lẹ́sẹ̀. Imú rẹ̀ ni. N kò mira títí mo fi ṣa ẹ̀wà náà tán. Nítorí náà, ẹ bi ẹgbẹ́ yẹn bóyá abo ajá náà ti bá ọmọdé gbé rí, ẹ ní kí wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún wọn ní tààrà pé ọmọ ajá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nínú ọgbà yín. Bí ọ̀nà bá jìn fún wọn láti wá wo ilé, ẹ fi fóònù rìn wọ́n yí ọgbà ká. Ẹ kọ́ ọmọ yín náà pé kí ó má dì mọ́ ọn, kí ó má sì fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń jẹun.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra ọmọ ajá ní ọjọ́ iwájú, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò rọra gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ tan iná fóònù sí i. Eyín ọmú ajá jẹ́ 28, wọ́n sì sábà máa ń ti yọ tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Bí eyín iwájú bá ti wà ṣùgbọ́n tí erìgì ẹ̀gbẹ́ ṣì ń dán, tí ẹ kàn ń rí ṣóńṣó eyín tí ó ń dá a lu, a jẹ́ pé ọmọ náà kò tíì pé ọjọ́ tí wọ́n pè é, wọ́n já a lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀ láìtó àkókò ni. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́. Èyí tí ó dájú ni èyí tí wọ́n lẹ bébà kékeré tí ó wà lára ìgò oògùn mọ́, tí ọjọ́ wà lára rẹ̀, tí dókítà ẹran fọwọ́ sí, tí ó sì lu òǹtẹ̀. "Ó ti gba abẹ́rẹ́" kò tó ẹ̀rí, nítorí pé láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi tún yàtọ̀. Nígbà tí ó bá pé oṣù 3 ni wọ́n ń gún un. Ẹ sì rí i pé ẹ rí ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń fún wọn lọ́mú. Bí atàjá bá ní kí ẹ pàdé òun ní Tákíè, tí ó sì gbé ọmọ ajá jáde láti inú páálí Indomie, ẹ padà sílé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan lápá Awẹ́ tí ó bi mí ní ìbéèrè títí ó fi sú mi: ibo ni ajá yóò máa sùn, kí ni yóò máa jẹ, ta ni yóò dúró tì í bí mo bá rìnrìn àjò? Nígbà tí ó gbọ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé nígbà náà, ó kọ̀, kò ta Boerboel, irú ajá ńlá kan tí a fi ń ṣọ́lé, fún mi, bẹ́ẹ̀ owó wà lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ adóòlà, ọ̀kan náà ni. Ẹni tí kò bi yín ní nǹkan kan, ẹ̀rù rẹ̀ ni kí ó máa bà yín.

Ẹ má sì fojú kéré "ajá ìbílẹ̀" tí wọ́n pè é. Jámánì ni wọ́n ti ṣètò ìran Alsatian ní ọdún 1899, fún dída àgùntàn ní ilẹ̀ òtútù, irun rẹ̀ sì nípọn ní ìpele méjì. Ajá ilẹ̀ wa, ooru kì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ajá ọdẹ kò sì wá láti òkè òkun.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Olóòtú, ọmọ mi lọ sí Kánádà, ó fi ajá méjì sílẹ̀ fún mi, akọ kan àti abo kan, irú àwọn Rottweiler. Ọjọ́ orí kò gbà mí láyè mọ́. Ẹgbẹ́ adóòlà ní àyè kún. Atàjá kan ní òun yóò kó wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n fún un?

Bàbá Àgbà, Ìsokùn, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ má tíì fún un. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni ajá fi ń lóyún, ó sì lè gba akọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tí ó bá fẹ́ abo yín nítorí owó kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Bí agbára bá gbé e, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ akọ lọ́dàá, kí ó sì yọ ilé ọmọ abo. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn bí kò bá sí ẹni tí ó lè ṣe é nítòsí yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fún atàjá náà pé iṣẹ́ ti parí lára wọn, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣì wá kó wọn.

Ní báyìí, ẹ̀yin gan-an ni ẹgbẹ́ adóòlà, ẹ̀yin ni ó kàn láti béèrè. Ẹ sọ ọ́ létí àwọn ará mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì yín, kí ẹ sì bi ẹni tí ó bá wá ní ohun gbogbo tí wọ́n bi Ìyá Ọlọ́mọ lókè yìí, ṣùgbọ́n kí ẹ fún un lésì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lọ wo ilé rẹ̀ fúnra yín, tàbí kí ẹ rán ọmọ kan. Ẹ fi káàdì abẹ́rẹ́ wọn lé e lọ́wọ́. Bí ti dìgbòlugi bá ti kọjá àkókò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹran ní àyíká ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Àgbáyé fún àrùn náà, nítorí pé wọ́n máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, ẹ má fọ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé. Ẹ ká a bí ó ṣe wà, kí ó máa bá wọn lọ.